Ibi Tí Ẹsẹ̀ Làmídì Ṣẹ́kù Sí

Bísọ́lá, pa tẹlifóònù yẹn tì. Fẹ́mi, ìwọ náà wá jókòó. Láti ọjọ́ Sátidé ni ẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé yìí pé Bàbá ba fọ́tò jẹ́. Ẹ ti sọ fún ìyá yín, ẹ ti sọ fún àwọn tó wà lókè òkun, kódà mo gbọ́ tí Fẹ́mi ń sọ ọ́ fún ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe: pé ẹ mú mi lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ yín, ẹ ní kí n dúró láàárín wágọ́nù rélùwéè méjì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà aláràbarà, kí n rẹ́rìn-ín, mo wá fi ọ̀pá lu ẹni tó ń ya fọ́tò.

Èmi kò lu ọmọ yẹn. Mo fi ọ̀pá ti kámẹ́rà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní mo lù ú, ṣé mo ṣe àṣejù? Wọ́n ń ta ọtí nínú wágọ́nù! Wọ́n gbé àga gíga sí ẹnu ọ̀nà ibi tí à ń já àpò ẹ̀pà sí, ọmọbìnrin kan gbé ẹsẹ̀ lé irin tí a fi ń so wágọ́nù mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ ṣe àmì àlàáfíà. Ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bó bá ṣe igúnnugún, yóò wokoko mórí ẹyin ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí.

Ibi tí ẹ̀ ń pè ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ yẹn, ilé iṣẹ́ òróró ni. Ẹ̀yìn Dùgbẹ̀ ni, lápá ibi tí ojú irin ti ń lọ sí Àpáta. Ẹ̀pà ń ti òkè Ọya bọ̀ nínú rélùwéè, èkùrọ́ ń ti oko wa níhìn-ín bọ̀, àwọn ẹ̀rọ ńlá á lọ̀ wọ́n, wọ́n á fún òróró wọn, òróró náà á tún wọ rélùwéè lọ sí èbúté l'Ékòó. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá ibẹ̀, ẹni tó jẹun yó ní Dùgbẹ̀ á tún máa wá gààrí tí yóò fi ẹ̀pà mu. Òórùn yẹn wọ aṣọ wa, ó wọ irun wa. Ìyá ìyá yín a máa sọ pé bí mo bá sọnù, òun á kàn máa fi imú wá mi kiri ni.

Iṣẹ́ ṣọ́ńtà ni mo ṣe níbẹ̀. Fẹ́mi, ìwọ lo ní, "Bàbá, ṣé ẹ kàn ń ti wágọ́nù ni?" Mo gbọ́ ọ. Ṣọ́ńtà ni ẹni tó ń to wágọ́nù. Bí rélùwéè bá já wágọ́nù sílẹ̀ lẹ́nu géètì wa, tẹ̀pà, tèkùrọ́, èyí tó ṣófo, gbogbo wọn á dàpọ̀ mọ́ra. Ẹ̀ńjìnnì kékeré tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ á wá máa fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, eléyìí sí ẹnu sítọ́ọ̀ ẹ̀pà, eléyìí sí ìdí táǹkì òróró. Oníkọ́ ni à ń pe ẹ̀ńjìnnì náà, nítorí pé kò sí àárọ̀ tí kì í kọ́kọ́ wúkọ́ bí arúgbó kí ó tó dìde. Bí ó bá ti fà, wágọ́nù àkọ́kọ́ á kọ gbàgà, èkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbàgà, gbàgà, gbàgà, títí ariwo náà yóò fi dé ti ìkẹyìn. Títí di òní, bí ẹnìkan bá to ìkòkò lé ara wọn nínú kíṣíìnì yín yìí, ọkàn mi á sáré lọ síbẹ̀.

Èmi ni mo ń mú àsíá lọ́wọ́, èmi náà ni mo ń fa irin tí ń yí ojú ọ̀nà padà kí wágọ́nù má baà gba ibi tí kò yẹ. Ọ̀rẹ́ mi Làmídì ni ó ń wọ àárín wágọ́nù méjì láti so wọ́n pọ̀ tàbí láti tú wọn. Ọmọ bíbí Ìbàdàn ni, ìdílé onímàle, ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì yára bí ọ̀kẹ́rẹ́. Dírẹ́bà kò lè gbọ́ ohùn wa nínú ariwo Oníkọ́, nítorí náà ọwọ́ ni a fi ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ méjèèjì lókè: dúró. Ọwọ́ kan tí ń fẹ́ bí ẹni fẹ́ iná: máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti Làmídì ti fi ọ̀rọ̀ tiwa kún un. Ó lè dúró lápá ọ̀hún kí ó fi ọwọ́ sọ fún mi pé Fóòmàn, ọ̀gá wa, ń bọ̀, pé ikùn rẹ̀ ti dé ṣáájú rẹ̀, pé kí n fi ẹ̀pà ẹnu mi pamọ́.

Fóòmàn yẹn! Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí tirẹ̀. Ní ọdún kan, lọ́jọ́ Òkèbàdàn, tí olúkúlùkù láǹfààní láti kọ orin bú ẹni tó bá wù ú, a kọrin ikùn Fóòmàn láti géètì dé ìdí táǹkì. Máníjà wa, tí kò gbọ́ Yorùbá, bi í pé kí ni àwọn ènìyàn yìí ń kọ. Fóòmàn ní, "Wọ́n ń yìn mí ni, sà." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ kì í há a lọ́fun. A rò pé ẹ̀rín ni. A kò mọ̀ pé ohun tí yóò fi pa wá lẹ́kún là ń fi rẹ́rìn-ín.

Ìgbà kan tún wà tí wágọ́nù ẹ̀pà kan rọra gbéra fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹni tó yẹ kó fi igi há ẹsẹ̀ rẹ̀ gbàgbé. Ó lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lọ kí àna, ó wọ ọgbà, ó wó o lulẹ̀, àpò bẹ́, ẹ̀pà dà sójú títì. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo àdúgbò ti dé pẹ̀lú bàsíà. Fóòmàn gun orí àpò kan, ó ń pariwo pé ẹni tó bá ṣa ẹyọ kan, ẹ̀wọ̀n ni, ewúrẹ́ kan sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ nínú àpò tó gùn. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dáa. Àmọ́ bí wágọ́nù tó ru ẹrù kẹ́kẹ́ bá lè rìn láìsí ariwo, ṣé kò yẹ kí ọlọ́gbọ́n ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n?

Lónìí, gbogbo ojú irin yẹn ti lọ. Àwọn kan wá fi iná gé e, wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Olè ni àbí ẹni tó níwèé àṣẹ, èmi kò mọ ìyàtọ̀ wọn mọ́. Ẹrù tí Oníkọ́ ń fà láàárọ̀ kan, orí tírélà ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí. Tírélà ṣubú ní Challenge, ìlú dúró. Ìwọ Bísọ́lá, lọ́sẹ̀ tó kọjá, o sunkún dé ilé nítorí pé tírélà dí Ring Road, o pẹ́ dé ìdánwò. O ń bú dírẹ́bà. Àwọn tó ta ojú irin, ta ló ń bú wọn? Wọ́n kọ́ ilé sórí ibẹ̀, wọ́n sì ní kí n wá rẹ́rìn-ín.

Ó dáa. Wágọ́nù kan wà tí bíréèkì rẹ̀ kò mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sọ fún Fóòmàn. Ní ìgbà kẹta, Làmídì mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí ara wágọ́nù náà: KÒ DÁRA. Lójú gbogbo wa ni Fóòmàn fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò. Ó ní, "Ọkọ̀ ojú omi ń dúró de òróró l'Ékòó. Kò ní dúró de bíréèkì." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, irin ń dán, ó ń yọ̀. Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí a fẹ́ so wágọ́nù táǹkì kan mọ́ ti iwájú rẹ̀. Mo gbé àsíá pupa sókè. Oníkọ́ dúró gbọn-in. Làmídì wò mí, ó rí àsíá, ó tẹrí ba, ó wọ àárín wọn. Bó ṣe tọ́ láti ṣe é ló ṣe é, kò sí ohun tó fò. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, wágọ́nù tí wọ́n nu ṣọ́ọ̀kì ara rẹ̀ kúrò ti gbéra. Kò pariwo. Èmi kò rí i títí ó fi kù díẹ̀ kó dé. Mo kígbe, "Làmídì, bọ́ síta!" Mo ju àsíá nù, mo sáré. Ó yára, mo ti sọ fún yín pé ó yára. Gbogbo ara rẹ̀ jáde àfi ẹsẹ̀ òsì.

Èmi kò ní í sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí fún yín. Aṣọ òkè mi ni mo fi di ẹsẹ̀ náà. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ gbé wa lọ sí ọsibítù, orí rẹ̀ wà lórí itan mi, ohun tó ń bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé mo dúró de àsíá?" Mo ní, "O dúró." Ó tún bi mí. Mo ní, "O dúró, Làmídì. Mo rí ọ." Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì máníjà. Fáànù ń yí lókè. Ìwé kan wà lórí tábìlì tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Làmídì wọ àárín wágọ́nù kí a tó gbé àsíá, pé bíréèkì gbogbo wágọ́nù mú dáadáa, àti pé èmi, ẹlẹ́rìí, fi ojú mi rí i. Fóòmàn ló fún mi ní bírò.

Mo ní, "Ọ̀gá, kò rí bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ìwọ lo mú àsíá lọ́wọ́, àbí ìwọ kọ́? Bí kì í bá ṣe ẹ̀bi tirẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀bi tìrẹ ni. Àwọn ọlọ́pàá á fẹ́ mọ̀ èwo ni. Mú èyí tó wù ọ́."

Oyún ìyá yín wà nínú ìyàwó mi, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Mo wo bírò yẹn. Máníjà ń wo ojú fèrèsé bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i.

Ẹ má wojú ara yín. Mo ní mo fọwọ́ sí i. Ẹ ti ń rò pé ìtàn bí wọ́n ṣe rẹ́ Bàbá jẹ ni ẹ̀ ń gbọ́. Ìbínú tí mo ń bí láti Sátidé, ẹ rò pé ti àwọn ọlọ́tí yẹn nìkan ni?

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, Sìkírátù, ìyàwó Làmídì, wọlé tọ̀ wá wá ní yàrá kan tí a gbà. Kò jókòó. Kò mu omi. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń kí mi, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ó ní, "Ọkọ mi ni wọ́n mú ìwé ìdádúró wá bá lórí ibùsùn. Wọ́n ní kò dúró de àsíá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rí i. Ṣé ẹ rí i bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Rárá."

"Ta ló wá rí i?"



Sìkírátù dìde. Ó ní, "Ọkọ mi ló ní kí n má wá. Ó ní bí mo bá sì wá, kí n má bínú sí yín, pé ìyàwó yín lóyún. Èmi bínú o. Òun ni kò lágbára láti bínú, orí ibùsùn ló wà. Èmi á bá a bí i." Ó sì jáde.

Ìyá ìyá yín ti wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà látìgbà tí ó ti wọlé. Ó jáde síta pẹ̀lú ikùn rẹ̀ níwájú, ó dúró, ó wò mí. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ọmọ tó wà nínú mi yìí, ṣé orúkọ yín ni yóò jẹ́?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ fún wa pé òtítọ́ kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Àfi kí ènìyàn pọ̀n ọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ra ìwé aláìnílà kan lọ́nà. Mo jókòó sórí ojú irin, mo kọ ọ́ ní Yorùbá nítorí pé mo fẹ́ kí ó yé gbogbo wa: bíréèkì tí kò mú, ẹ̀ẹ̀mẹta tí a sọ ọ́, ṣọ́ọ̀kì tí Fóòmàn nù, àsíá pupa tí mo gbé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí, irọ́ ni, ẹ̀rù ló bà mí. Mo dìde dúró, mo kà á sókè fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ mi tó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó yìn mí. Àgbàlagbà kan tutọ́ sílẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo gbé e kalẹ̀. Dírẹ́bà Oníkọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ti àtàǹpàkò bọ gíríìsì ara ẹ̀ńjìnnì, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé náà. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn tò wá.

Mo tú àsíá kúrò lórí igi rẹ̀, mo ká a, mo jókòó lé e lórí. A ní kò sí wágọ́nù tó máa mira àfi bí wọ́n bá gba Làmídì padà. Fóòmàn sáré dé, ó já àsíá gbà lábẹ́ mi, ó lọ dúró sí ipò mi, ó ń jù ú bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Dírẹ́bà ká apá pọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ tí mo mọ̀ ni mo ń tẹ̀ lé." Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ẹ̀pà tí òjò ti pa bẹ̀rẹ̀ sí í hu nínú àpò. Wọ́n fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ wa; ọlọ́pàá dé, ó gbọ́ ìwé náà bí mo ṣe kà á, ó ní òun kò rí ẹni tó jà.

Ní ọjọ́ kẹrin, máníjà jáde sí wa fúnra rẹ̀. Wọ́n gbà pé Làmídì á padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ara rẹ̀ bá yá. Wọ́n fi í sí ẹnu ibi tí ojú irin ti dábùú títì, kí ó máa ti igi ìdènà nígbà tí Oníkọ́ bá ń kọjá. Wọ́n fún un ní àga onígi kan. Èmi, wọ́n gba àsíá lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa gbá sítọ́ọ̀. Kò dùn mí. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún Fóòmàn? Wọ́n gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ wọn ní ìlú míì, wọ́n sì fi oyè kún oyè rẹ̀! Ní ìlú yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti tún nu ṣọ́ọ̀kì. 

Làmídì kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń kọjá lẹ́nu ìdènà, mo máa ń ní, "Làmídì, ẹ kú iṣẹ́," bí ẹni ń kí àgbà. Á gbé igi ìdènà sókè fún mi bó ṣe ń gbé e fún gbogbo ayé, ojú rẹ̀ á wà lára ojú irin. A bí ìyá yín, Sìkírátù wá síbi ìsọmọlórúkọ, ó jẹun, ó ṣàdúrà. Làmídì kò wá. Ìyá yín wọ iléèwé, ó kúrò ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Làmídì kò sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ ń bínú sí i, mo ní ṣebí mo ti tún un ṣe. Nígbà tó yá, mo mọ̀ pé ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ kò jẹ ẹni tó sáré wá tún un ṣe ní gbèsè ẹ̀rín.

Ẹ̀pà kò ti òkè Ọya bọ̀ mọ́. Rélùwéè ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ní ìkẹyìn, wọ́n kó wa jọ, wọ́n ní ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé, kí kálukú máa lọ. Kò sí ẹni tó sọ pé ẹ ṣeun. Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ níbi tí mo bá a, mo gba ẹnu ìdènà jáde.

Làmídì wà lórí àga rẹ̀. Mo ní, "Làmídì, ó dìgbà." Ó gbójú sókè, ó wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ ọsibítù.

Ó ní, "Ìwọ lo fọwọ́ sí ti irọ́. Ìwọ náà lo fọwọ́ sí ti òótọ́. Èwo ni kí n máa rántí?"

Mo ní, "Méjèèjì."

Ó ní, "Méjèèjì ni mo ti ń rántí. Ó ti sú mi." Ó na ọwọ́ mú ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti dìde. "Àga yìí, mi ò ní fi í sílẹ̀ fún wọn. Bá mi gbé e."

Mo gbé àga náà lérí. A gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ sí Dùgbẹ̀, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, nítorí pé òun kò lè yára, èmi kò sì fẹ́ ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo gbé àga kalẹ̀, ó jókòó. Ó yí ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo lórí àga náà, kí n bá òun jókòó.